Ìgbà tí Rédíò Ń Pín Àyè Rẹ̀ Kiri

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé, atẹ́gùn ò ní í sọ ìtàn fún yín. Ẹni tó bá ń jẹun, kó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó yáa hú u báyìí, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ẹ yá mi ní etí yín méjèèjì. Ẹ máa rí wọn gbà padà tí mo bá ṣe tán.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, torí èmi ni mò ń tẹ píánò fún wọn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ẹ máa rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri ìgboro. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wa, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú la máa ń di olórin. Oríṣi orin mẹ́ta la sì ń sè pọ̀ nínú ìkòkò kan. Búlúùsì wà ńbẹ̀, orin ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ àmọ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá òun sunkún. Orin àwọn Látìnì wà ńbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé igi kékeré méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ló ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá sọnù nínú rẹ̀, àfi kó dákẹ́ kó máa fetí sí igi títí á fi rí ọ̀nà. Jáàsì àtijọ́ náà wà ńbẹ̀, níbi tí gbogbo ohun èlò ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹbí tó ń jà lórí ilẹ̀, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kálukú á yéni.

Màmá Nọ́ọ̀sì ni olórí wa, òun náà ló ń kọrin. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ariwo kankan ò fi lè mì ín. Bàbá Káfíńtà ló ń ta béèsì, gìtá gàgàrà tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókèèrè ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ó sì máa ń dá a lóhùn pé béèsì òun ò ní í lè wọ ọkọ̀. Télọ̀ ló ń lu ìlù kóńgà. Ọwọ́ tó fi ń lù ú náà ló fi ń gé ṣòkòtò, ẹni tó bá rí i pé ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kó mọ̀ pé orin ló wọlé sí i lára nídìí iṣẹ́.

Ó wá ku Rédíò, ẹni tó ni ìtàn.

Rédíò ló ń fọn fèrè idẹ. Gẹrungẹrun ni, a sì sọ ọ́ ní Rédíò torí pé ẹnu rẹ̀ kì í kú. Tó bá ti gbé kílípà lé ọ lórí, á kọ́kọ́ ka ìròyìn, á bọ́ sórí bọ́ọ̀lù, á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lọ́la, á wá fi ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan wà tí irun wọn ò tíì hù rárá tí wọ́n á tún padà wá, torí pé ìtàn tó ń sọ lọ́jọ́sí ò tíì parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá, kí ẹ má bi mí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wo ni mo wà. Ọkùnrin yìí jókòó nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ mu ẹlẹ́rìndòdò, wọn ò rí ìṣígò tí wọ́n máa fi ṣí i. Ẹ rántí pé òun ló máa ń wàásù fún àwọn ọmọ náà pé eyín kì í ṣe irinṣẹ́. Ó ti fi ìyà jẹ ẹ̀gbọ́n wọn rí nítorí ẹ̀. Òun náà ló wo ọ̀tún wo òsì, tó ní, "Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ má sì dán an wò láé." Ó fi eyín há ìdérí ìgò. Ìdérí ò mira. Eyín ló ṣí.

Eyín iwájú ni o, èyí tó wà láàárín gbùngbùn. Dókítà eléyín bá a ṣe òmíràn, eyín kan ṣoṣo lórí àwo pẹlẹbẹ kan tó ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Dókítà ní kó má fọn ohunkóhun títí ẹnu rẹ̀ á fi gba àlejò náà mọ́ra. Rédíò ní, "Fèrè ńkọ́?" Dókítà ní, "Fèrè kẹ̀? Àbẹ́là gan-an, ẹ má fẹ́ ẹ."

Ètè ló ń kọrin nínú fèrè idẹ, àmọ́ eyín ni ògiri tí ètè fẹ̀yìn tì. Tí ògiri bá ti lu, atẹ́gùn á gba ibi tó wù ú jáde. Rédíò sì mọ ìtàn ẹni tó jókòó lórí àga onífèrè nínú ẹgbẹ́ wa ṣáájú òun. Ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, nígbà tí eyín rẹ̀ tán, ó kúrò. Ohun tí Rédíò mọ̀ kò ju ìyẹn lọ: eyín lọ, àga lọ.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Tí wọ́n bá gbọ́, ó tán. Gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ ṣe láyé mi, orí ẹlòmíì ni. Fèrè yẹn nìkan ni tèmi."

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, ẹ ò kàn sọ fún wọn. Ṣebí èèyàn ni wọ́n."

"Olórin ni wọ́n."

Ọgbọ́n tó wá dá rèé. Nínú orin wa, ibì kan máa ń wà tí gbogbo wa á rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹnì kan lè dá sọ tinú ẹ̀. Àyè la ń pe ibẹ̀. Rédíò ní òun á pín àwọn àyè òun fún wa lẹ́ẹ̀kan yìí, òun á ní ìfẹ́ ló fà á, òun á kàn máa gbé fèrè sẹ́nu bí ẹni tó ń fọn títí ẹnu òun á fi san.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Nǹkan kan wà tí gbogbo wa mọ̀ tí Rédíò ò mọ̀.

Nígbà tí eyín ọ̀gá iléèwé yẹn tán, kò pe ìpàdé. Níbi ìdánrawò, ó kàn ń tọ́ wa léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àyè mi níbí, ìwọ gbà á. Tọ̀hún yẹn, ìwọ gbà á." A fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó ní tí a bá bẹ òun, òun á sunkún, òun ò sì fẹ́ kí ẹkún jẹ́ ohun tí a máa fi rántí òun. La bá ń sọ pé, "Mo gbà á." Látọjọ́ náà ló ti di òfin wa. Ẹni tó bá ń lọ á pín àyè rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ò gbọdọ̀ béèrè ìdí, kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀, á kàn ní, "Mo gbà á." Rédíò ló wá rọ́pò ọ̀gá iléèwé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lọ látìgbà tó ti dé. Ta ní í kọ́ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní bí wọ́n ṣe ń jáde?

Ẹ ti ń rí ibi tí ọkọ̀ yìí ń lọ, àbí? Ẹ di àga yín mú.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà la ti máa ń dánra wò. Píánò mi wà láàárín àga tí kò tíì ní ẹsẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kò tíì ní àga, tí Télọ̀ bá sì ti gbá kóńgà gidi, eruku igi á bọ́ sí mi nímú. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ṣọ́ọ̀bù náà ti wá fẹ̀ sí i, àwọn pákó ti dínkù lára ògiri. A ní ọjà ló ń yá fún Bàbá. Rédíò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kò kí wa, ó kàn gbọ́wọ́ sókè.

Télọ̀ ní, "Rédíò, bátìrì ti kú ni?"

Rédíò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ètè pípadé, bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu.

A bẹ̀rẹ̀ orin Látìnì kan. Nígbà tó kan àyè rẹ̀, kò fọn nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó tọ́ Télọ̀ léjìká, ó rọra to ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́yìn ètè: "Àyè mi níbí, ìwọ gbà á."

Ọwọ́ Télọ̀ dúró lórí awọ. Èmi náà dúró. Béèsì nìkan ló ṣì ń rìn lọ bí ẹni tí kò gbọ́ pé ọkọ̀ ti dé ibùdó, kí òun náà tó dákẹ́. Télọ̀ wo Màmá Nọ́ọ̀sì. Màmá Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Télọ̀ fa kóńgà rẹ̀ mọ́ra.

"Mo gbà á," ó ní.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lójú Rédíò. Ọkùnrin yìí ti múra àlàyé sílẹ̀ látilé. Ó ti rò ó pé Télọ̀ á ní, "Lọ jókòó jàre, àyè ẹ ni," tí òun á wá ní, "Rárá o, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí káwọn èèyàn gbọ́ tìẹ." Télọ̀ kàn gbà á, bí ẹni tó ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é láti àná.

Ó kàn mí. "Àbúrò, èyí tó wà ní ìparí yẹn, ìwọ gbà á."

Ó wà lẹ́nu mi láti ní, kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n, kí la ṣe fún yín. Òfin dì mí lẹ́nu. "Mo gbà á," mo ní, ohùn mi sì dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

Nígbà tó kan Bàbá Káfíńtà, Bàbá wojú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà?" Ó wá mi orí. "Ó dáa. Mo gbà á."

Bí Rédíò ṣe pín gbogbo ohun tó ní láàárín orin méjì nìyẹn. Ó délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà.

Ó ní, "Kò sẹ́nì kan tó jiyàn. Ẹnì kan ṣoṣo, kò jiyàn."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bóyá wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín débi pé ohun tí ẹ bá sọ labẹ́ gé."

"Kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún mi débẹ̀ láyé yìí. Ìwọ gan-an ò ṣe é."

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́," ni ìyàwó wí.

Ní tiwa, a ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ jókòó lórí pákó, ó ń bínú. "Ẹgbẹ́ olórin àwọn oníkóòtù funfun yẹn, àwọn tó ń bá wa du òde, ló gbà á lọ. Mo mọ̀. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe irun ló bá wá."

Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹni tó ń lọ, sísìn là ń sìn ín, a kì í bú u."

"Mi ò bú u, Màmá. Mo kàn ní alábòsí ni."

Bàbá Káfíńtà ń nu okùn béèsì rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Má bínú sẹ́ni tó ń lọ, Télọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ ni."

Màmá Nọ́ọ̀sì wá ní, orin ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹgbẹ́ tí kò ní fèrè sì ni ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Ó mọ ọmọbìnrin kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń fọn fèrè idẹ nínú yàrá ẹrù nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn tó wá gba ẹrù máa ń rò pé ilé ń jóná, àmọ́ wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n fọn. A ní kí Màmá pè é kó wá jókòó níwájú kó kàn máa wò wá. A tún fi ohùn sí i pé tí orin bá parí, a máa fi jáàsì àtijọ́ sin Rédíò dé ẹnu ọ̀nà, bí a ṣe sin ọ̀gá iléèwé.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ gẹrun lọ́dọ̀ Rédíò. Irun mi ò tíì tó gẹ, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣọ́ọ̀bù yẹn dákẹ́. Ẹnì kan ti sùn lọ lórí àga. Dírẹ́bà kan tó ń dúró de tiẹ̀ tẹnu bọ̀ mí létí, ó ní, "Ta ló kú?"

Mo jókòó síwájú dígí. Rédíò gbé ojú sókè, ó fi bi mí pé kí irun kù tàbí kó tán. Mo mi orí, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó kù díẹ̀. Ó gbà á pé kó tán. Nígbà tí mo máa fi wo dígí, orí mi ti di ẹyin.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"Kò sí."

Kílípà ń kùn. Rédíò sọ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́yìn ètè: "Àyè tí mo fún ẹ yẹn, ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Mo rántí òfin wa. Mo rántí pé a kì í ṣe ohun tó máa jẹ́ kí ẹni tó ń lọ sunkún. Mo fi gbogbo ara tújú ká. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an ni, Ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn sí i."

Ojú rẹ̀ nínú dígí wọlé bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn gbọn aṣọ, ó yíjú sí ògiri. Mo jáde pẹ̀lú orí dídán, mo ń sọ nínú ara mi pé mo mà ṣe dáadáa o.

Sátidé dé. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọ gbọ̀ngàn, èèyàn kún ibẹ̀, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá. Ìyàwó Rédíò wà láàárín. Rédíò gun orí pèpéle pẹ̀lú fèrè rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọmọbìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ níwájú, pẹ̀lú báàgì kan lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ báàgì fèrè idẹ, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn láyé tó ní ìdí ńlá àti ọrùn tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Rédíò fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó jókòó.

Búlúùsì Màmá Nọ́ọ̀sì la fi bẹ̀rẹ̀. Orin obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ wí ni. Màmá á kọ ìlà kan, á dákẹ́, á kó ọwọ́ lé ìbàdí. Fèrè Rédíò ni ọkọ. Fèrè á bẹ̀ ẹ́, á parọ́ fún un, á ṣe bí ẹni tí inú ń run. A kì í dán ibẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, torí Màmá ní èèyàn kì í fi ìjà tọkọtaya dánra wò. Ẹnikẹ́ni ò sì pè é ní àyè rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Rédíò pín gbogbo ohun tó ní, ó gbàgbé ibẹ̀. Àwa náà gbàgbé ibẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì kọ ọ́: "Ọkọ mi, níbo lo sùn mọ́jú?"

Ó dákẹ́. Ó kó ọwọ́ lé ìbàdí.

Ọkọ ò dáhùn.

Mo sáré fi píánò kún ibẹ̀, àmọ́ píánò kì í ṣe ọkọ. Màmá tún un kọ: "Mo ní, níbo lo sùn mọ́jú?" Àwọn èèyàn ti ń na ọrùn. Ọmọbìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ tú okùn báàgì rẹ̀.

Mo rí Rédíò tó yí ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó yọ nǹkan kan, ó jù ú sápò ẹ̀wù. Ó wá gbé fèrè sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, níbi tí ògiri ṣì wà.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni fúùù. Atẹ́gùn lásán. Lẹ́yìn náà ohùn kan tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀, híha, ìdajì rẹ̀ èémí, ìdajì rẹ̀ orin. Látọjọ́ tí a ti ń kọrin yẹn, ọkọ tó ń dán bíi bàtà tuntun la ti ń gbọ́. Èyí ni ọkọ tó wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tí irọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Òótọ́ ló ń sọ lónìí." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Màmá Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. Mo mọ ojú yẹn. Òfin wa ní kí a má béèrè, àmọ́ ta ló máa dá obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà nínú orin lẹ́kun ìbéèrè? Ó ju ọ̀rọ̀ orin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé tiẹ̀ kalẹ̀:

"Mo rí ẹrù tí ò ń dì. Ọkọ mi, ilé ta lò ń kó lọ?"

Fèrè ta kókó. Rédíò la ojú sílẹ̀. Fèrè wá sọ ọ́ tó fi jẹ́ pé ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gan-an gbọ́: Èmi kẹ̀?

"O pín ohun ìní ẹ fún ará ilé. Ta ní í pín ohun ìní ẹ̀ tí kì í lọ?"

Rédíò wo Télọ̀. Ó wo orí mi tó ń dán. Ó wo báàgì tó wà níwájú. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tan iná sí nínú yàrá. Ó gbé fèrè sílẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀, ihò dúdú kan wà láàárín rẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, ó sì kọrin fúnra rẹ̀, ẹni tí kò kọrin rí:

"Eyín mi ló kán o, ìyàwó mi. Mi ò lọ síbì kankan. Eyín mi ló kán."

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n rò pé ó wà nínú orin. Màmá Nọ́ọ̀sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá máìkì, ẹ̀rín ò jẹ́ kó nàró. Télọ̀ dojú bo kóńgà rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi, mò ń tẹ píánò lọ, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ orin tí mò ń tẹ̀ mọ́. Búlúùsì yẹn ò parí. Mi ò rò pé ó tíì parí títí dòní.

Màmá fọwọ́ bo máìkì. "Eyín lásán?"

"Ṣebí eyín lẹ fi lé ọ̀gá iléèwé, Màmá."

"Ta ló lé e? Òun ló lọ. A fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò jẹ́. Ìwọ lo wá ń tọ́ wa léjìká kiri bí ẹni tó ń pín ogún."

"Tí mo bá tọ́ èèyàn léjìká, ṣe ló yẹ kẹ́ ẹ kàn gbà?"

Télọ̀ ní, "Òfin ni. Má bi mí. Mi ò sùn láti Ọjọ́rú." Ó ju igi kékeré méjì náà sí i. "Gbá èyí. Igi ò nílò eyín."

Bó ṣe jẹ́ pé Rédíò ló pàṣẹ fún gbogbo wa nínú orin Látìnì lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ó ń sọ bí eyín ṣe kán, bí dókítà ṣe wí, gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ yìí. Inú mi dùn láti gbọ́ ariwo yẹn bí ẹni tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ padà dé. Nígbà tó kan jáàsì àtijọ́, Màmá pe ọmọbìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ gòkè. Òun mú òkè, Rédíò mú ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, fèrè méjèèjì ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. A sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn èèyàn gẹ́gẹ́ bí a ṣe pète láti sìn ín. A dé ẹnu ọ̀nà. A yí padà.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, kálukú ń dá àyè padà. Télọ̀ ní, "Gba ẹrù ẹ, ó wúwo jù fún mi." Mo dá tèmi padà, mo ní mo fẹ́ irun mi náà. Ìyàwó Rédíò wọlé, ó yọ ìṣígò kan látinú báàgì, ó ti fi okùn sí i, ó gbé e kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn bí àmì ẹ̀yẹ. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ kú oríire." Ẹlẹ́rìndòdò ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, ọmọbìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ń bi wá pé ṣé báyìí la ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó ń lọ.

Ìgbà náà ni Bàbá Káfíńtà fi béèsì rẹ̀ ti ògiri, ó rìn wá sẹ́yìn mi, ó tọ́ mi léjìká, ó ní, "Àbúrò, àyè mi níbẹ̀rẹ̀ orin, ìwọ gbà á."